Idán omi tó ń pòórá nínú kọ́ọ̀bù: kí ló dé tí omi ṣì ń kán sílẹ̀?

ÌyáÌbejì_Ìsàlẹ̀Èkó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ méjìlá, láti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, ló ń bọ̀ wá bá wa ṣe ọjọ́ ìbí ní pálọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ pa idán kan tàbí méjì fún wọn, ohun tó wà nílé nìkan ni mo sì fẹ́ lò. Èyí tí mo mú ni ti omi: a ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù, a ó dorí kọ́ọ̀bù kodò, omi ò ní jáde.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo ya páḿpáàsì kan, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú òwú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, mo da omi bọ́hóòlù sí i títí ó fi dé ìdajì, mo ka ení, èjì títí dé ẹẹ́wàá, mo wá dorí ẹ̀ kodò. Ó kọ́kọ́ ń kán tó, tó. Nígbà tó yá, òwú àti omi jọ já lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dán an wò, bákan náà ló rí.

Ṣé páḿpáàsì ni kò dáa ni, àbí omi, àbí ọwọ́ mi? Irú kọ́ọ̀bù wo ló yẹ kí n lò? Ẹ sì bá mi wá idán kejì tí kò lómi nínú, torí kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra àpótí idán ní Ìdúmọ̀tà, owó yẹn ti bá jọ́lọ́ọ̀fù lọ.

Tíṣà_Akọkà:

Ẹ kú ìmúra, ìyá ìbejì. Páḿpáàsì yín ò ṣẹ̀. Òwú ló pọ̀ jù, omi náà pọ̀ jù, ó sì ṣeé ṣe kí omi bọ́hóòlù yẹn níyọ̀ nínú.

Kì í ṣe òwú ló ń pa idán yìí. Ẹ ya páḿpáàsì mìíràn, kí ẹ fi ìka ra òwú rẹ̀ wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ máa rí hóró funfun wínníwínní tó ń dán bí iyọ̀. Sodium polyacrylate lorúkọ rẹ̀. Òwú ń mu omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe mu ún náà ló ṣe ń bì í tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n bá dorí ẹ̀ kodò. Hóró yìí kì í bì í. Omi tó bá ti kó sí i nínú, ńṣe ni hóró náà á wú, tí gbogbo rẹ̀ á dì bí ẹ̀kọ tútù.

Nítorí náà, hóró lẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ òwú. Ẹ pa fáànù, ẹ fi nǹkan bo imú, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí, torí eruku rẹ̀ ò dáa fún imú àti ojú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì ya apá tó máa ń kan ara ọmọ. Ẹ kó òwú rẹ̀ sínú ọ̀rá ńlá kan tó gbẹ, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rá náà, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń ku èlùbọ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Hóró á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, òwú á wà lókè. Ẹ kó òwú dànù, ẹ gé igun ọ̀rá náà kan, kí ẹ da hóró sínú ike tó ní ìdérí. Páḿpáàsì ńlá kan lè mú ṣíbí ìmutíì méjì sí mẹ́ta jáde. Nínú àwọn tí owó wọn kéré, òwú ló sábà máa ń pọ̀, hóró ò tó nǹkan, ẹ lè ní láti ya méjì.

Ìwọ̀n rẹ̀: ṣíbí ìmutíì kan, tí ẹ fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kó dọ́gba, fún omi 10 cl. Odidi píọ̀-wọ́tà kan jẹ́ 50 cl, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lẹ máa lò. Tí ìgò oògùn àwọn ọmọdé tí wọ́n kọ 100 ml sí lára bá wà nílé, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ fi wọn omi náà, ohun kan náà ni. Ìdajì kọ́ọ̀bù tí ẹ bù yẹn á tó 15 sí 20 cl, hóró tó sì wà nínú ẹ̀kúnwọ́ òwú kan lè má tó ìdajì ṣíbí.

Ó wá kan omi. Iyọ̀ ni ọ̀tá hóró yìí. Nínú omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò pátápátá, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì mọ́tò, ó lè gba omi tó ìlọ́po 300 ìwúwo ara rẹ̀. Nínú omi tó níyọ̀ bíi ti omijé, kì í sábà ju ìlọ́po 50 lọ. Ìdí ni pé ohun tó jọ iyọ̀ wà nínú hóró náà fúnra rẹ̀, òun ló ń fa omi wọlé láti ìta. Tí omi ìta bá ti ní iyọ̀ tirẹ̀, ipá tó yẹ kó fà á ti dín kù. Àárín ọ̀sà ni Ìsàlẹ̀-Èkó wà, ọ̀pọ̀ kànga àti bọ́hóòlù tí kò jìn níbẹ̀ ló níyọ̀ lẹ́nu. Tí ọṣẹ kì í bá hó dáadáa nínú omi yín, ẹ má fi pa idán yìí. Píọ̀-wọ́tà ni kí ẹ lò, kó má sì jẹ́ èyí tó tutù jù láti inú fíríìjì, torí omi tútù máa ń pẹ́ kó tó wọlé.

Ẹ tẹ́ hóró náà ká gbogbo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Tí ó bá ga jọ bí òkìtì, èyí tó wà lójú á dì kíá, á sì di bí awọ mọ́ èyí tó wà nínú. Inú á gbẹ, omi á sì léfòó lókè. Èyí gan-an ló máa ń jẹ́ kí omi kán nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ péye.

Ení dé ẹẹ́wàá kéré. Ẹ fún un ní ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ sì má yọ hóró sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Afẹ́fẹ́ Èkó lómi nínú, hóró á ti máa mu ún, á sì dì mọ́ra wọn. Àárọ̀ Sátidé ló dáa jù.

Apidán_Mushin:

Tíṣà ti tán ti omi. Ojú àwọn ọmọ ló kù, ibẹ̀ ni idán wà.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti kọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun, torí ohun tó bá dì náà á funfun. Ẹni tó bá ṣèèṣì yọjú wò ó, ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù ló máa rò pé òun rí. Gíláàsì àti ike tó mọ́ gaara ò ṣeé lò. Èyí tó ga tí kò fẹ̀ ló dáa, torí nínú èyí tó fẹ̀ bí abọ́, ohun tó dì á pẹlẹbẹ, kò ní rí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù dì mú, á yọ̀ wá sílẹ̀. Ife pépà dáa ju tánganran lọ nítorí ara tánganran ń yọ̀. Tó bá jẹ́ tánganran ni ẹ ní, ẹ dín omi kù sí 8 cl. Àmọ́ ife pépà funfun mẹ́rin tó jọra ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Mẹ́ta fún idán, ẹ̀kẹrin ẹ máa rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ti ìka bọ omi, ẹ fi ra ìsàlẹ̀ ife kan inú lọ́hùn-ún. Kó kàn lómi lára ni, kó má rin. Ẹ wá wọ́n hóró sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n ká. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, yóò sì di ìyókù mú. Báyìí, ẹ lè tẹ ife yẹn sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí tábìlì, hóró ò ní dà. Ìtẹ̀sí yẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí wọ́n gbà pé òfìfo ni. Ẹ má là á lẹ́nu pé "ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ o". Ọmọ tí kò tíì fura, gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kó fura.

Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì kékeré sí ìdí ife tó ní hóró níta, kí ẹ̀yin fúnra yín má bàa sọ ọ́ nù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Bó ṣe máa lọ: ife mẹ́ta wà lórí tábìlì. Ẹ da 10 cl omi sínú èyí tó lámì, ẹ jẹ́ kí ó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, kí wọ́n rí i kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Ẹ wá ní kí wọ́n máa ṣọ́ ife olómi, kí ẹ máa fà wọ́n yí ara wọn ká lórí tábìlì. Ẹ má gbé wọn sókè. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ dúró, ẹ bi wọ́n pé èwo ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ tún fà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá tí Tíṣà ń wí ti kọjá lọ, kò sí ọmọ tó mọ̀ pé ẹ ń dúró de nǹkan. Fífà yẹn tún ń da omi pọ̀ mọ́ hóró, kò ní jẹ́ kó di òkìtì.

Ẹ dorí èyí tí wọn ò tọ́ka sí kodò ní àkọ́kọ́, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì. Òfìfo ni, ìyẹn ò yà wọ́n lẹ́nu, inú wọn á tiẹ̀ dùn pé àwọn mọ ibi tó wà. Ẹ wá mú ẹ̀kẹta, kí ẹ dorí ẹ̀ kodò wẹ́rẹ́. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fún ara ife náà, torí ife pépà tí wọ́n bá fún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya kúrò lára ohun tó dì, gbogbo rẹ̀ á já lulẹ̀ lódidi. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó tó. Ẹ má dorí ẹ̀ kodò sórí ọmọ kankan bó ti wù kí wọ́n pariwo tó. Abọ́ kan ni kó wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n á ní "ẹ jẹ́ n wò ó!" Ibẹ̀ ni ife ẹ̀kẹrin ti wúlò. Kó ti wà nínú àpò kan lórí àga lẹ́yìn yín. Ẹ kó ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò yẹn bí ẹni ń palẹ̀ mọ́, nígbà tí wọ́n bá bèèrè, òfìfo mẹ́ta lẹ máa mú jáde.

Àwọn kan rò pé ọwọ́ kíákíá ló ń pa idán. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí èrò ń wò ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo eégún alárìnjó, tí wọ́n tún ń pè ní eégún apidán: ìlù kì í dákẹ́ nígbà tí aṣọ bá ń yí padà. Ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo irú eré bẹ́ẹ̀ níwájú Aláàfin. Èèyàn wà nínú àpò, ohun tó jáde jọ òjòlá. Lẹ́yìn náà ni "òyìnbó" kan tún jáde látinú àpò, ìrìn rẹ̀ sì pa gbogbo èrò lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí ìlù ń ṣe fún eégún, iyàn àwọn ọmọ yẹn ló máa ṣe é fún yín.

ÌyáÌbejì_Ìsàlẹ̀Èkó:

Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà. Ẹ ṣeun, bàbá apidán. Píọ̀-wọ́tà 10 cl, ṣíbí kan: ó dì, kò kán rárá. Mo fi 20 cl dán an wò, ó yọ̀ wá sílẹ̀ jọ̀bọ̀. Omi bọ́hóòlù, kódà pẹ̀lú 10 cl, ó ń mì bí ògì tí kò jinná.

Ó ku idán kejì. Àwọn ọmọ máa jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn màmá wọn á wà lórí àga lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan ní kí n fi gíláàsì bo owó ẹyọ mọ́lẹ̀ kó pòórá. Ṣé ìyẹn dáa?

Kọ́ọ̀kì_Ṣómólú:

Rárá, ẹ má ṣe ti gíláàsì fún ẹni tó jókòó sílẹ̀. Àṣírí ẹ̀ ni pé wọ́n gé pépà róbótó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu gíláàsì, pépà kan náà ló wà lórí tábìlì. Tí gíláàsì bá bo owó, pépà ló bò ó. Ẹni tó ń wò ó láti òkè ò ní mọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá tábìlì dọ́gba á rí etí pépà, tí iná pálọ̀ bá sì kọ lu gíláàsì, ibi tí gọ́ọ̀mù gbà á tàn.

Ẹ fi kọ́ọ̀kì mínírà ṣe ti àtẹ́lẹwọ́: wọ́n á rò pé ọwọ́ kan ti mú un, èkejì ló ṣì wà. Owó ẹyọ ṣòro rí l'Ékòó báyìí. Àwọn ẹyọ tí wọ́n gbé jáde ní 2007 (50 kọ́bọ̀, náírà kan, náírà méjì), ọ̀pọ̀ ọmọ ò tíì rí i rí, ohun tí wọn ò mọ̀ á sì gba ọkàn wọn ju idán lọ. Kọ́ọ̀kì, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Eyín 21 tó wà létí rẹ̀ kì í jẹ́ kó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Ẹ má yọ rọ́bà inú rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó dún tí ó bá já sí ọwọ́. Kó má jẹ́ èyí tí ọ́púnà ti tẹ̀ kọdọrọ.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka àárín ọwọ́ òsì mú un létí, kó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí ẹ̀yìn àwọn ìka kọjú sí àwọn ọmọ. Ọwọ́ ọ̀tún á wá bí ẹni fẹ́ mú un. Àtàǹpàkò ọ̀tún á gba abẹ́ kọ́ọ̀kì wọlé, ìka yòókù á gba òkè rẹ̀, wọ́n á bò ó mọ́ àwọn ọmọ lójú. Bí wọ́n ṣe bò ó tán, àtàǹpàkò òsì á tú sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, kọ́ọ̀kì á já sí ìdí àwọn ìka òsì. Ọ̀tún á wá dì, á sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó mú nǹkan lọ.

Ọmọdé tó ń wo ẹnu ọ̀nà nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe wo ibi tí ojú yín bá lọ. Nítorí náà kí ojú yín bá ọwọ́ ọ̀tún lọ, kó má wo òsì mọ́. Ọwọ́ òsì á rọra wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìka rẹ̀ á ká díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí: wọ́n á na òsì gbọnrangandan, tàbí kí wọ́n dì í kankan, ọmọ kan á sì pariwo "ó wà lọ́wọ́ kejì!" Èkejì: ọwọ́ ọ̀tún tó dì jù. Ẹ̀ṣẹ́ tí kọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ máa ń ní àyè díẹ̀ nínú, kì í dì pinpin.

Ẹ dúró níwájú jígí. Ẹ mú kọ́ọ̀kì ní tòótọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wo bí ọwọ́ yín ṣe ń rìn nígbà tí kò sí ẹ̀tàn. Ẹ wá ṣe ti irọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó bá èyí tòótọ́ mu. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ títí di Sátidé. Ẹ nu òógùn ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí eyín kọ́ọ̀kì máa ń lẹ̀ mọ́ ìka tó tutù, kò ní já nígbà tó yẹ. Ẹ bọ́ òrùka, kó má bàa dún.

Ní ti ìjókòó, ìtẹ́lẹ̀ tí àwọn ọmọ máa jókòó sí yẹn dáa fún èyí. Ẹ gbé ọwọ́ sí ìwọ̀n àyà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò lè rí inú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ga ló léwu, àti ẹni tó bá wà lẹ́yìn yín. Kí àwọn màmá jókòó, kí wọ́n má dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ẹ̀yìn yín kọjá gbé abọ́.

Ẹ má yára ṣí ọ̀tún. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ bi ọmọ kan pé kí lorúkọ màmá ẹ̀, ẹ wá ṣí i, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Ẹ wá fi ọwọ́ òsì lọ yọ kọ́ọ̀kì yẹn lẹ́yìn etí ẹnì kan. Lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá ní "ẹ tún un ṣe", ẹ má tún un ṣe, ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn máa wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹbùté_Báǹgà:

Èyí tó máa dùn mọ́ àwọn màmá ni kí ẹ gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi pẹ́ńsù gún un láàárín, ẹ yọ pẹ́ńsù, kó má sí ihò. Ẹ ti máa fi bíléèdì la owó mìíràn sílẹ̀ fínnífínní ṣáájú, kí ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀.

Apidán_Mushin:

Àbúrò, má kó ìyá ìbejì sí wàhálà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ (CBN) ti 2007, abala 21: ẹni tó bá ba náírà jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí kó gba méjèèjì. Abala kan náà ni wọ́n fi ń mú àwọn tó ń ná owó lóde àríyá. Bíléèdì tí o fi la owó yẹn ti tó láti fi mú èèyàn, àwọn màmá á sì ti gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ya fídíò.

Tí ẹ bá fẹ́ fi pẹ́ńsù gún nǹkan, ẹ gún ọ̀rá olómi. Ìta tàbí bákónì ni kí ẹ ti ṣe é, kápẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀. Ẹ wá ọ̀rá tó mọ́ gaara tó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rá tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án kò dáa, ó máa ń ya ni, kì í fà. Ẹ bu omi dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ so ẹnu rẹ̀. Ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù kó mú ṣóńṣó. Èyí tó rí róbótó dáa ju èyí tó ní igun mẹ́fà lọ, torí ọ̀rá máa ń rí i gbá mọ́ra yípo. Ẹ ti pẹ́ńsù wọlé lójijì, kó gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde sí èkejì láìdúró. Ọ̀rá yẹn máa fà, á sì fún pẹ́ńsù lọ́rùn, omi ò ní jáde. Ọmọ mẹ́rin lè gún pẹ́ńsù mẹ́rin sí i. Tí ẹ bá dúró lágbedeméjì tàbí tí ẹ bá yí pẹ́ńsù, ihò á fẹ̀, omi á tú. Ẹ má yọ ọ́, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan wẹ̀.

Ẹ má fi odidi píọ̀-wọ́tà ṣe é. Omi ti kún un bámúbámú, bí ṣóńṣó bá ṣe kàn án ló máa tu sí yín lójú.

ÌyáÌbejì_Ìsàlẹ̀Èkó:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Omi á ṣáájú, kọ́ọ̀kì á tẹ̀lé e, pẹ́ńsù níta nígbà tí wọ́n bá ń lọ jẹun. Ìbéèrè kan ló kù: ohun tó dì nínú ife yẹn, ṣé mo lè da á sí síǹkì? Àti pé kí ni ká ṣe tí ọmọ kan bá fọwọ́ bọ̀ ọ́?

Tíṣà_Akọkà:

Ẹ má da á sí síǹkì tàbí ṣálángá. Yóò máa wú sí i nínú páìpù, á sì dí i. Ẹ wọ́n iyọ̀ ṣíbí ìmutíì méjì sí i, ẹ fi igi rò ó. Kò ní pẹ́ tó fi máa rọ̀, omi á sì já kúrò lára rẹ̀, iyọ̀ tí mo ní ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ náà ni. Ẹ wá dà á sínú ọ̀rá pàǹtí, ẹ di í, kó bá pàǹtí lọ. Tí ọwọ́ ọmọ bá kàn án, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, á yọ̀ bí ilá, ẹ máa fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ yẹn á fi tán. Kó má dé ojú, kó má dé ẹnu. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ike, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ àwọn ìbejì ò lè dé. Ẹ sì kọ nǹkan sí i lára, torí ó jọ ṣúgà.